Ẹ̀ẹ̀kan Ṣoṣo Ló Bi Í

"Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀dùnkún yìí kún un fún yín, ẹ̀gbọ́n mi," ni Cathal wí. Ó ti gbé síbí sókè.

"Rárá o, mo ti yó," ni Attracta, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, dá a lóhùn.

"Kí lẹ jẹ tẹ́ ẹ fi yó? Ẹyọ kan péré."

"Má yọ ara rẹ lẹ́nu, jàre. Fún ìyàwó rẹ."

"Bí ẹ ò bá jẹ ẹ́, dídà ni wọ́n máa dà á nù o."

"Ó dáa, kó má kàn ṣòfò," ni Attracta wí, ó sì ti àwo rẹ̀ síwájú. Láti ìgbà tí wọ́n ti gbé ọ̀dùnkún ọ̀hún dé orí tábìlì wọn nílé ọtí ìlú ni ọ̀fun rẹ̀ ti ń dá tòló.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní Killacorra, ìlú kékeré kan létí òkun ní Ireland, nìyẹn. Wọ́n á fi nǹkan lọ̀ ọ́, wàá kọ̀. Wọ́n á tún fi lọ̀ ọ́, wàá tún kọ̀. Lẹ́ẹ̀kẹta ni wàá wá gbà á bí ẹni tí wọ́n fi ipá mú. Ẹni tó bá gbà á lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀kánjúà ni. Ẹni tí kò bá sì fi lọ̀ni lẹ́ẹ̀kejì, ahun ni. Ìyá wọn ló fi kọ́ àwọn méjèèjì láti kékeré, èyí tó bá sì gbàgbé ara rẹ̀, tó na ọwọ́ sí bísíkíìtì nílé onílé, ó di ilé kó tó gba ìfọ́tí rẹ̀.

Orla, ìyàwó Cathal, ọmọ Dublin ni. Kò dá sí ọ̀rọ̀ ọ̀dùnkún. Ẹja iwájú rẹ̀ ló ń yọ eegun lára rẹ̀.

Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀ ni tọkọtaya yìí ti dé láti wá sinmi ní ilé tí Cathal àti Attracta dàgbà sí létí òkun. Ilé náà ti di ilé ìsinmi báyìí, àwọn àlejò ló ń háyà rẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Cathal ló ni ín, nítorí ọmọkùnrin ni bàbá wọn fi ilé sílẹ̀ fún, ì báà jẹ́ pé Dublin ni ọmọkùnrin náà ń gbé tí kì í wálé. Attracta ló ń gbá a, tó ń pààrọ̀ aṣọ ibùsùn, tó ń dáná fún àwọn àlejò kí òtútù má bàa mú wọn. Òun náà ló tọ́jú ìyá wọn nínú ilé yẹn títí ìyá fi kú. Yàrá ẹ̀yìn tí wọ́n ń so ọmọ màlúù sí látijọ́ ló wá di ibùsùn rẹ̀.

Kí ìyá tó kú, ó mú Cathal búra níwájú Fadá Heneghan pé kò ní ta ilé náà láìkọ́kọ́ bi Attracta bóyá ó fẹ́ ẹ. Bí Attracta bá ti ní òun fẹ́ ẹ, kó máa gbé inú rẹ̀ títí ọlọ́jọ́ á fi dé. Attracta ò gbàgbé ìbúra yìí rí. Nígbà tó gbọ́ pé oníṣègùn eyín kan láti Cork ń wá ilé rà ní agbègbè náà, ó ti mọ̀ pé ìbéèrè ń bọ̀ lọ́nà.

Ìdí nìyẹn tí gbogbo ìgbafẹ́ ọ̀sẹ̀ yẹn fi dùn mọ́ ọn. Wọ́n gbé e wọ ọkọ̀ ojú omi lọ wo erékùsù tí àwọn ẹyẹ òkun ń yé sí. Wọ́n mú un lọ sí àlàpà ilé tí àwọn mọ́ńkì, àwọn ọkùnrin Ìjọ Àgùdà tó fi ayé wọn fún àdúrà, gbé látijọ́, Orla sì ya fọ́tò rẹ̀. "Ẹ má rẹ́rìn-ín, ẹ dúró bẹ́ẹ̀ gan-an," ni Orla wí. "Ẹ bá ògiri yẹn mu." Attracta rẹ́rìn-ín sí i náà. Kò sí ẹni tó gbé e jáde rí láyé rẹ̀, ó sì ti ń ro irú kọ́tìnnì tí òun máa fi sí fèrèsé iwájú.

Cathal nu ẹnu, ó ṣẹ́wọ́ sí Concepta Durkan tó ni ilé ọtí náà. Concepta àti Attracta jọ lọ sílé ìwé ni.

"Concepta, dúró tì wá díẹ̀. Mo fẹ́ kí etí mìíràn gbọ́ ọ." Ó wá yíjú sí Attracta, ohùn rẹ̀ sì tutù bí omi àmù. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ò gbàgbé ohun tí Màmá sọ. Ṣé ẹ fẹ́ ilé yẹn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni" ló wà lẹ́nu Attracta. Ṣùgbọ́n àwọn tó jókòó sí tábìlì kejì ti dákẹ́, wọ́n ń wò ó, ìyá rẹ̀ sì ti kọ́ ọ nílé.

"Rárá o," ó sọ ọ́ tẹ̀rín tẹ̀rín. "Kí lèmi nìkan fẹ́ fi gbogbo ilé yẹn ṣe?"

Ó tẹjú mọ́ àwo rẹ̀, ó ń dúró.

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," ni Cathal wí. "Concepta, ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́."

"Ó dáa. Ṣé páì èso ápù wà lónìí?"

Attracta gbójú sókè. Ó rò pé Cathal yóò tún yíjú sí òun, ó sì yí i lóòótọ́. Ó bi í bóyá yóò jẹ páì. Attracta ní rárá. Ó ní kó jọ̀ọ́, kó jẹ díẹ̀. Attracta tún ní rárá. Ó bẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kẹta, wọ́n sì gbé páì dé. Attracta jẹ ẹ́ tán láìmọ bó ṣe rí lẹ́nu.

Títí ilẹ̀ fi mọ́, ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé bóyá Cathal fẹ́ bi òun láwọn nìkan ni. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n lọ sórí òkè gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí gbogbo àlejò ń lọ wò. Afẹ́fẹ́ òkun ń fẹ́ bí ẹni tó ń jà, Orla sì ti rìn síwájú pẹ̀lú fóònù rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, bí a bá délé, ẹ bá mi dáná," ni Cathal wí. "Dókítà eyín yẹn ń bọ̀ wá wo ilé lọ́sàn-án yìí. Mi ò fẹ́ kó bá a ní tútù."

Ẹsẹ̀ Attracta dúró. "Cathal, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lo bi mí."

"Ẹ̀ẹ̀mélòó ni Màmá ní kí n bi yín?"

"O mọ̀ dáadáa pé rárá àkọ́kọ́ kì í ṣe rárá. Ṣebí ọmú kan náà la mu."

"Dublin ni mò ń gbé báyìí. Níbẹ̀, rárá ni rárá."

"Ọ̀dùnkún ńkọ́? Páì ńkọ́? Ìyẹn, Dublin ni?"

Cathal bú sẹ́rìn-ín. Ì bá ṣe pé ojú tì í, Attracta ì bá dárí jì í níbẹ̀.

"Ọ̀dùnkún kì í ṣe ilé, ẹ̀gbọ́n mi. Láti Dublin ni mo ti mọ̀ pé bí mo bá bi yín lójú èèyàn, rárá lẹ máa sọ. Ká ní ẹ sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, èmi ì bá fún yín o. Mo ti búra fún Màmá."

Ohun tó dun Attracta jù nìyẹn. Òótọ́ ló ń sọ.

"Ibo lo fẹ́ kí n wá máa gbé?"

"Ẹ ṣì lágbára. Ẹ ò ní wá ibì kan tì. Ó yá, ẹ súnmọ́ mi, Orla fẹ́ ya fọ́tò wa." Ó gbé apá lé e léjìká. Attracta dúró gbọin lábẹ́ apá yẹn títí wọ́n fi ya fọ́tò tán.

Nígbà tí wọ́n délé, kò dáná. Ó gba ilé ọtí lọ. Concepta nìkan ló wà níbẹ̀, ó ń nu ife.

"Concepta, sọ fún wọn pé o mọ ohun tí mo ní lọ́kàn."

"Mo mọ ohun tó o ní lọ́kàn. Ṣùgbọ́n ohun tí mo gbọ́ ni Cathal bi mí, rárá sì ni mo gbọ́." Concepta ò wo ojú rẹ̀. "Dókítà yẹn ti gba tábìlì ènìyàn mẹ́wàá sílẹ̀ lọ́wọ́ mi, ìyẹn náà wà níbẹ̀. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́, Attracta. O ò bá ti la ẹnu."

Attracta ò kúrò níwájú rẹ̀. Bóyá ìyẹn ló ká Concepta lára tó fi mí kanlẹ̀.

"Àwa ò ṣáà ní fi ọ́ sílẹ̀ kó o sùn síta. Yàrá òkè wà níbí. Bó o bá fẹ́, máa bọ̀."

Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni. Kò sí opó kan ní Killacorra tí wọn ò sọ irú rẹ̀ fún, kò sì sí ọ̀kan tó gbà á rí. Concepta ti mú ife mìíràn, ó ń retí kí Attracta ní rárá o, Ọlọ́run á san án fún ọ.

"Mo fẹ́," ni Attracta wí.

Ife dúró lọ́wọ́ Concepta. Ó ń wo ẹnu Attracta, bóyá yóò fi ẹ̀rín sí i.

"Yàrá yẹn tutù o," ni Concepta wí. "Ẹ̀ẹ̀rùn sì ń bọ̀, àwọn àlejò máa ń... Ṣé o ti rò ó dáadáa?"

Attracta rí i bí ojú ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣe ń pọ́n fún ìtìjú. Ìtìjú mú òun náà dé egungun, ó ń ṣe é bíi kó sá jáde. Kò sá.

"Mo gbọ́ ọ dáadáa, máa bọ̀ lo wí," ó wí, ó sì na ọwọ́. "Fún mi ní kọ́kọ́rọ́."