Bọ́tìnnì Inú Garawa

Màmá mi ti gbàgbé pé èmi lọmọ òun. "Aránṣọ" ló ń pè mí, nítorí ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ ló ti ń rí mi lójoojúmọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ́ mi níṣẹ́ náà o. Mo ti sunkún ìyẹn tán. Ọ̀rọ̀ omi ló wá kù tó ń bí mi nínú.

Obìnrin kan tí a gbà láti máa bá wa tọ́jú rẹ̀ ló fi garawa pupa kan gbé omi ìwẹ̀ wá lọ́jọ́ kan láìfọwọ́ wò ó, ló bá ki ọwọ́ màmá bọ̀ ọ́. Omi náà jó o. Mo lé obìnrin náà lọ, mi ò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá a bẹ̀ mí. Kó tó dalẹ́, màmá ti gbàgbé pé ohunkóhun jó òun, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kò gbàgbé. Bó bá ti rí garawa pupa yẹn, á ká ọwọ́ méjèèjì mọ́ abíyá, á máa pariwo. Mo ra aláwọ̀ ewé, ariwo kan náà ni. Ẹni tí ejò bá bù ṣán rí, bó bá rí ekòló, á sá.

Ó di pé aṣọ tútù ni mo fi ń nù ún lára, ara sì ń yún un. Ni ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin bá pè mí lórí fóònù. Ó ní bí òun bá dé lópin oṣù tí màmá kò bá tíì máa wẹ̀, òun á mú un lọ sílé ìtọ́jú àwọn arúgbó.

"Àwọn yẹn mọ bí wọ́n ṣe ń wẹ̀ wọ́n," ó ní.

"Wọ́n á kàn mú un mọ́lẹ̀ ni, Bùọ̀dá," mo dá a lóhùn, mo sì pa fóònù.

Mo bá jókòó rò ó. Bí ìrora bá lè kọ́ ọwọ́ lẹ́kọ̀ọ́, ṣé ìgbádùn náà kò lè kọ́ ọ ni? Kò sí ohun tí màmá fẹ́ràn tó agolo bọ́tìnnì mi. Ó lè máa ṣà á láti àárọ̀ dọ̀sán, funfun lọ́tọ̀, dúdú lọ́tọ̀. Bó bá ti ń ṣà á, èmi náà á gbé garawa òfìfo sẹ́nu ọ̀nà, kò sì bìkítà. Nígbà tó yá, mo sún un mọ́ ẹsẹ̀ àga rẹ̀. Kíá ló ti káwọ́ mọ́ abíyá. Mo dá a padà sẹ́nu ọ̀nà, mo gbé ìkánjú mi mì. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Nígbà tó wá fara mọ́ ọn, mo da bọ́tìnnì sínú garawa náà. Ó wò ó títí, ó tún wò mí, ó wá kiwọ́ bọ̀ ọ́. Ẹ̀yìnkùlé ni mo lọ sunkún sí. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í bu omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ díẹ̀ sí i.

Ẹ̀gbọ́n mi dé lóòótọ́, tòun ti àpò ńlá tó fẹ́ kó aṣọ màmá sí. Táyà ọkọ̀ rẹ̀ ló jò lọ́nà, gírísì ti ba ọwọ́ rẹ̀ jẹ́. Ó bá màmá nídìí garawa pupa, omi dé ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀, ó ń fọ bọ́tìnnì. Ẹ̀gbọ́n mi sọ àpò náà kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

"Aránṣọ, ta nìyí?" màmá bi mí.

"Ọmọ yín ni, Màmá."

"Ọwọ́ ẹ̀ mà dọ̀tí." Ó na ọwọ́ sí i. "Mú un wá. Má bẹ̀rù, kò gbóná."

Ẹ̀gbọ́n mi kúnlẹ̀. Màmá ń fọ àárín ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kò kánjú rárá.

"Ọṣẹ dà?" ẹ̀gbọ́n mi bi mí.

Mo mú un wá fún un. Bí mo ṣe ń kọjá lẹ́nu ọ̀nà, mo fẹsẹ̀ ti àpò rẹ̀ síta.