Òpó Láàárín Áàṣì Mẹ́fà

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024, Làtíìfù fi fídíò ilé tuntun wọn han ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n, nínú pálọ̀ wọn ní Peckham. Àárọ̀ ọjọ́ náà ló ti Nàìjíríà dé. Kò tíì tú àpótí rẹ̀.

"Ẹ wò ó o! Ilé Sípéènì ní Ìbẹ̀jù. Àwọn tó ń kọjá ń yà á ní fọ́tò."

Sìdíkàt, ìyàwó rẹ̀, fi ọwọ́ bo ẹnu. Ògiri funfun rèé, táìlì amọ̀ pupa rèé lórí òrùlé. Òun ló ya pláànù rẹ̀. Fún ọdún méjì ààbọ̀, ní gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀, tó bá ti tún ọ́fíìsì ṣe tán ní Walworth Road, ilé ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́ ló ń gbà lọ, níbi tó ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń ya pláànù ilé. Ní ọjọ́ kejìlélógún oṣù Kìíní ọdún 2013, yìnyín bolẹ̀, bọ́ọ̀sì 12 kò dé, ó fi ẹsẹ̀ rìn délé. Náílọ́ọ̀nù búrẹ́dì ló fi we ìwé ìyàwòrán rẹ̀. Bàtà rẹ̀ kò gbẹ títí di ọjọ́ kẹta.

Ní kíláàsì yẹn ni olùkọ́ ti fi àwòrán ilé etí òkun hàn wọ́n. Ó ní irú èyí tí àwọn ará Ítálì àti Sípéènì kọ́ láyé àtijọ́ ni, kí àwọn ará Amẹ́ríkà tó jí i dìde létí òkun tiwọn. Sìdíkàt rò ó lọ́kàn pé etí òkun tiwa náà wà.

"Mummy, wait," Nusaybah sọ. "Áàṣì yẹn, six ni o. Five lẹ draw."

"Yaqub tó ń bá wa kọ́ ọ ló ní márùn-ún ò lè gbé òrùlé yẹn," Làtíìfù dáhùn kíákíá.

Sìdíkàt sún mọ́ tẹlifíṣọ̀n. Márùn-ún ló yà, àwọn ẹnu ọ̀nà tó tẹ̀ bí ọrun lókè, kí ìkẹta lè bọ́ sí àárín gan-an, kó kọjú sí òkun. Ibẹ̀ ló fẹ́ gbé àga rẹ̀ sí tó bá fẹ̀yìn tì. Nínú fídíò, òpó ló dúró síbẹ̀.

"Nusaybah, dá a padà sẹ́yìn."

Lápá òsì, áàṣì mẹ́ta, àtẹ̀gùn kan, kíṣìnnì kan. Lápá ọ̀tún, áàṣì mẹ́ta, àtẹ̀gùn kan, kíṣìnnì kan. Sìdíkàt ti rí irú ilé bẹ́ẹ̀ rí. Téèpù ni bàbá rẹ̀ fi wọn kíṣìnnì ìyá rẹ̀ àti ti ìyàwó kejì, kí ẹnikẹ́ni má baà ní wọ́n rẹ́ òun jẹ.

"Bàbá Nusaybah, kí lorúkọ ẹ̀?"

"Orúkọ ta ni?"

"Ẹni tó ni kíṣìnnì kejì."

"Àh, kíṣìnnì àlejò nìyẹn."

"Àlejò wo ló ń ní àtẹ̀gùn tiẹ̀?"

"Daddy, please," Nusaybah sọ. "Ẹ just dá Mummy lóhùn."

Làtíìfù ṣí fìlà, ó tún un dé. "Àmínát ni. Oṣù Kejì la ṣe yìgì. Ìyá Nusaybah, mi ò rẹ́ ọ jẹ o! Mo ní kí Yaqub wọ̀n ọ́n dáadáa. Tiẹ̀ ò fi íńṣì kan ju tìrẹ lọ."

"Mo ti rí i. Ó dọ́gba."

"Ẹ̀sìn wa ò kúkú lòdì sí i."

"Mi ò ní ó lòdì. Ẹ ò bá fẹ́ ẹ, kẹ́ ẹ wá ilé tiẹ̀ fún un. Èmi lẹ jẹ́ kí n jókòó síbí, kí n máa ya ilé ìyàwó yín."

Làtíìfù ní kó jẹ́ kí àwọn jẹun ná.

Sìdíkàt dìde, ó sì yọ pláànù tó ti wà lára ògiri láti ọdún 2015. Ó ká a, ó nà án sí Nusaybah.

"Bá mi tọ́jú ẹ̀. Mi ò ní gbé ibẹ̀."

Ojú ibi tí ó ti yọ ọ́ funfun ju ògiri yòókù lọ. Lọ́jọ́ náà, Sìdíkàt pàdánù ilé kan àti áàṣì kan, èyí tó wà láàárín.