Ìgò Mẹ́ta Tí Ò Ní Àgógó, Tí Ò Létí

Èmi ni mò ń gbálẹ̀ yàrá tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọmọ nípa ẹranko, nílé-ẹ̀kọ́ aládàáni kan ní Ifako. Ìwé mẹ́fà ni mo kà. Ọdún mọ́kànlélógún ni mo fi ṣe alápatà ní odò ẹran Agége, kí ẹ̀yìn tó ní òun ò ṣe mọ́. Iṣẹ́ yìí nìkan ló kù. Bó bá bọ́... ẹ jẹ́ n má tiẹ̀ parí ẹ̀.

Àǹtí Stella, tíṣà tó ni yàrá náà, máa ń bọ̀wọ̀ fún mi gan-an. "Bàbá Kaothar, àwọn alábẹ̀wò ìjọba ń bọ̀ lọ́la. Ẹ bá mi nu àwọn ìgò yẹn kí wọ́n dán. Àmọ́ bí bébà orúkọ kan bá já, ẹ máa lọ sinmi nílé nìyẹn o, sà."

Ẹ gbọ́ ọmọlúàbí. Ó fi "sà" lé mi jáde.

Ìgò mẹ́wàá ni, òkú ẹranko kọ̀ọ̀kan nínú omi oògùn. Mi ò fẹ́ kí ìdọ̀tí kankan ṣẹ́ kù, ni mo bá kó wọn sínú bàsíà omi ọṣẹ. Kí n tó yíjú padà, bébà mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ti ń léfòó bí ewé.

Mo ti ilẹ̀kùn. Mo wo fèrèsé. Mo tún wo ilẹ̀kùn.

Ẹja, ọ̀pọ̀lọ́, alángbá àti ẹyẹlé ò yọ mí lẹ́nu. Òyìnbó mi tó ìyẹn. Ó kan aràn mẹ́ta. Orúkọ wọn gùn ju ara wọn lọ, ṣùgbọ́n wọ́n kọ ibi tí wọ́n ti mú wọn sábẹ́ ẹ̀: ẹ̀dọ̀, ìfun, ilẹ̀. Ẹni tó ti ń la ẹ̀dọ̀ màlúù látọjọ́ yìí, ṣé ẹ ó wá fi aràn hàn án ni? Èyí tó pẹlẹbẹ bí ewé, ẹ̀dọ̀ la ti ń yọ ọ́. Èyí tó rí bí okùn bàtà, ìfun ni tiẹ̀. Èyí tó ní òrùka-òrùka lára, ekòló ni, ilẹ̀ ló ń gbé.

Ó ku mẹ́ta. Ọmọ ẹran tí wọn ò tíì pé ọjọ́ ìbí ni wọ́n, wọn ò tó ìka ọmọdé. Bébà kan ní adìyẹ, èkejì ní ehoro, ẹ̀kẹta ní ẹlẹ́dẹ̀. Mo wò wọ́n títí ojú fi ń ro mí. Orí gbẹ̀ngbẹ̀, ojú dúdú, ìrù, ìlà-ìlà lọ́rùn bíi ti ẹja. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ká kò bí ẹ̀wà tó ń hù. Adìyẹ ò ní àgógó, ehoro ò létí, ẹlẹ́dẹ̀ ò sì ní imú tí mo lè rí kí n sá fún un. Mo ní bísímílà, mo lẹ̀ wọ́n bó ṣe bọ́ sí mi lọ́wọ́. Ìka méjì ni mo fi mú bébà ẹlẹ́dẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, Ọ̀gbẹ́ni Ọlọ́runníyì, olórí alábẹ̀wò, nawọ́ sí ìgò adìyẹ mi. "Madam, báwo lẹ ṣe mọ̀ pé adìyẹ lèyí?"

Mo di ìgbálẹ̀ mú bí ẹni tó fẹ́ bá omi lọ.

"Ẹ wo ibí dáadáa, sà," Àǹtí Stella dáhùn. "Ẹ ò rí i bí àgógó ṣe ń yọ?"

Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀, ó bọ́ awò, ó tún un wọ̀. "Háà! Ó mà hàn kedere. Ti ehoro ńkọ́?"

"Etí ẹ̀ nìyẹn, sà."

"Ó tiẹ̀ ti gùn!"

Ìwé mà dára o. Etí tí mo fi odidi ọ̀sán wá, wọ́n rí i lójú ẹsẹ̀. Ọ̀gá kọ ọ́ sílẹ̀ pé yàrá náà dára gan-an, ó bá tiẹ̀ lọ.

Àǹtí Stella ti ilẹ̀kùn. "Bàbá Kaothar, gọ́ọ̀mù tuntun lèyí."

Mo ju ìgbálẹ̀ sílẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, mà."

"Àwọn mẹ́ta yìí, ṣé ẹ dá wọn mọ̀ ni?"

Mo wá irọ́, irọ́ ò wá. "Mi ò dá wọn mọ̀, mà."

Ó wo ilẹ̀kùn. Ó wo fèrèsé. Mo mọ irú ìwò yẹn.

"Nígbà tí mo dé ibí," ó rẹ ohùn sílẹ̀, "eku ti jẹ bébà wọn. Èmi ni mo kọ èyí, mo kàn méfò ni. Èwo lẹ pè ní ehoro?"

"Ti àárín, mà."

"Èmi náà, ti àárín ni." Ó mí kanlẹ̀. "Ẹ má kó wọn sómi mọ́ o, sà."

Látọjọ́ náà, kò dárúkọ ilé sí mi mọ́. Àmọ́ bó bá ń fi àgógó adìyẹ han àwọn ọmọ, ojú mi ló máa kọ́kọ́ wò. Èmi á sì tètè wá eruku tí n ó gbá.