Ẹni Tí Ẹ̀mí Yàn Fún Mi

Obìnrin tó bá ti dàgbà bíi tèmi kì í kọ ọkọ sílẹ̀. Ọmọ ọmọ ló máa ń lọ tọ́jú. Ẹ wo àyíká yín dáadáa, ẹ ó rí wa: à ń bẹ l'Ékòó, à ń bẹ n'Íbàdàn, àwọn mìíràn tilẹ̀ wà ní Kánádà, a pọn ọmọ ọlọ́mọ sẹ́yìn, ọkọ wa ń fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ ẹ̀bà nílé. Bí wọ́n bá bi wá léèrè, a ó ní ọmọ náà kò tíì gbọ́njú ni. Kò sí ìjà, kò sí ẹjọ́. Báyìí ni èmi náà ṣe gbé báàgì kan kúrò nílé ọkọ mi ní Ìmẹ̀sí-Ilé lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, tí mo wá jókòó ti Ìwàlẹwà ọmọ mi ní Dàda Estate, l'Óṣogbo.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé ọmọ kì í ṣe ọmọ ọwọ́ títí. Ní oṣù kẹsàn-án tó kọjá, ọmọ Ìwàlẹwà wọ yunifọ́ọ̀mù, ó gbé báàgì kọ́ ẹ̀yìn, ó di ọmọ ilé-ìwé. Láti aago méje àbọ̀ títí di aago méjì, èmi àti ògiri la jọ ń wo ara wa. Ìwàlẹwà kò lé mi, ṣùgbọ́n ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ yí mi po. "Màámi, Bàbá mà ti rù o." Mo ní kí wọ́n máa rù, dókítà kò ṣáà fẹ́ kí àgbà sanra.

Kì í ṣe pé ọkọ mi burú. Kò nà mí rí, kò kó obìnrin wọlé. Ó kàn rẹ̀ mí ni. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi bá ẹni tí mi ò yàn gbé abẹ́ òrùlé kan, mo sì fẹ́ fi ìyókù bá ara mi gbé.

Ẹ̀mí ló yan Barnabas fún mi. Mi ò fi ṣe yẹ̀yẹ́ o. Nínú ìjọ tí wọ́n ti tọ́ mi dàgbà ní Iléṣà, bí ọmọbìnrin bá ti tó lọ́kọ, orúkọ rẹ̀ a dé iwájú Ìyá Àdúrà. Ìyá Àdúrà a gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, ohun tó bá sì rí lójú ìran, abẹ gé e. Nígbà tí mo pé ọdún mẹ́tàlélógún, èmi àti Amos ti ń bá ara wa sọ̀rọ̀ ìgbéyàwó. Amos ń tún rédíò ṣe, ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ló ń lọ, ó sì máa ń rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀. Bàbá mi kò fẹ́ gbọ́ orúkọ rẹ̀ sétí, ṣùgbọ́n kò bá mi jà. Ó ní kí á gbé e fún Ọlọ́run. Lọ́jọ́ Ìsinmi kejì, Ìyá Àdúrà dìde láàárín ìjọ, ó ní òun rí ìmọ́lẹ̀ lórí ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń lu agogo ṣọ́ọ̀ṣì, òun sì rí èmi Wúrà tí mo dúró tì í nínú aṣọ funfun.

Barnabas ló ń lu agogo. Ọmọ òrukàn ni, Ìyá Àdúrà ló tọ́ ọ dàgbà nínú ọgbà ìjọ. Mi ò bá a sọ ju ẹ-káàárọ̀ lọ rí. Àmọ́ ta ni yóò bá Ẹ̀mí Mímọ́ jiyàn? Mo sunkún fún oṣù kan gbáko, mo sì fẹ́ ẹ. Amos kó lọ sí Àkúrẹ́, mo gbọ́ pé ìyàwó rẹ̀ bí ìbejì.

Lọ́dún méjì àkọ́kọ́, bí ẹni tó jàre ẹjọ́ ni Barnabas ṣe ń ṣe. Gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni "Ẹ̀mí ti sọ." Lọ́dún kẹta, ó yí padà lójijì. Kò tún dá ohunkóhun ṣe mọ́. Ṣé o fẹ́ kí á gbin kòkó sí oko ìsàlẹ̀? Ṣé o fẹ́ kí n wọlé wá bá ọ? Ṣé o fẹ́ ọmọ mìíràn? Àwọn àbúrò mi sọ ọ́ ní Bàbá Ṣé-o-fẹ́, èmi náà sì bá wọn rẹ́rìn-ín. Mo rò pé ojo ni, ọkùnrin tí kò lè fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ dúró. Ó máa ń sú mi bí mo bá ti gbọ́ ọ tó mí èémí kó tó bèèrè.

Òun ló pè mí lórí fóònù lọ́jọ́ kan nínú oṣù kọkànlá. "Ìyá Ìwàlẹwà, Ìyá Àdúrà ń ṣàìsàn ní Iwaraja. Wọ́n ní àwọn fẹ́ rí àwa méjèèjì." Èèyàn kì í kọ ìpè ẹni tó ń re ọ̀run. Ó wọkọ̀ láti Ìmẹ̀sí-Ilé, èmi wọkọ̀ láti Òṣogbo, a pàdé ní gáréèjì Iléṣà, a sì jọ wọ mọ́tò Iwaraja. Òótọ́ ni Ìwàlẹwà sọ, ó ti rù. Ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lè gba ọrùn méjì.

Ìyá Àdúrà wà lórí bẹ́ẹ̀dì lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ẹni àádọ́rùn-ún ọdún. "Ẹ káàbọ̀ sí ulé," ló fi kí wa. Pẹ̀lú gbogbo ìwàásù tó ṣe káàkiri ayé, ẹnu Ìjẹ̀ṣà kò kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ó ní kí Barnabas gbé òun jókòó. Ó wá kọjú sí mi.

"Wúrà, mi ò rí nǹkan kan."

Mo ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Ojú àgbà ni."

"Kì í ṣe ti ojú. Ìran ni mò ń sọ. Bàbá ẹ wá bá mi nínú ulé àdúrà. Ó ní wèrè wà nínú ìdílé Amos, òun ò sì fẹ́. Ó ní tí òun bá fi ẹnu ara òun sọ ọ́, wàá sá tẹ̀ lé Amos lọ ni, ṣùgbọ́n o ò ní ja Ẹ̀mí níyàn. Ó ní kí n bá òun wá ẹnìkan. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, mo rí Barnabas. Ọmọ dáadáa ni, kò sì ní ẹnìkankan. Mo ní tó bá pẹ́ títí, ìfẹ́ á dé. Mo purọ́ mọ́ Olúwa, Wúrà." Ó wò mí, ó wo Barnabas, ó tún wò mí. "Ṣé ó dé?"

Mo kúnlẹ̀, mo ní kí wọ́n sinmi. Ó gbé ọwọ́ lé mi lórí, ọwọ́ náà kò wúwo rárá. Mo wá ìbínú tó yẹ kí n ní sí i, mi ò rí i.

Níta, níbi tí a ti ń dúró de mọ́tò lẹ́bàá títì, ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rò ó pé ẹnu kò ya Barnabas.

"Ẹ ti mọ̀," ni mo wí.

"Mo ti mọ̀."

"Láti ìgbà wo?"

"Oyún Ìwàlẹwà ló wà nínú rẹ nígbà náà. Mo lọ bá Ìyá Àdúrà pé kí wọ́n gbàdúrà fún wa, pé ìyàwó mi máa ń lọ sunkún lẹ́yìn ilé. Wọ́n sọ fún mi, wọ́n sì ní kí n pa ẹnu mi mọ́. Nísinsìnyí tí mo rí i pé wọ́n ń lọ, mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n sọ ọ́ fún ọ fúnra wọn. Tó bá jẹ́ pé ẹ̀yìn wọn ni mo sọ ọ́, wàá ní mò ń purọ́ mọ́ òkú."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi nígbà náà?"

"Tí mo bá sọ ọ́, wàá lọ."

"Ǹ bá lọ."

"Mo mọ̀. Ìdí tí mi ò fi sọ nìyẹn." Ó fi ẹsẹ̀ ti òkúta kékeré kan síwá sẹ́yìn. "Mo ti fẹ́ràn rẹ nígbà náà. Kì í ṣe ti ìran. Mo fẹ́ràn bí o ṣe máa ń bá ewúrẹ́ jà bí ẹni pé ó gbọ́ Yorùbá. Mi ò lè yọ̀ǹda rẹ, mi ò sì lè máa pàṣẹ fún ọ mọ́, torí mo ti mọ̀ pé kò sẹ́ni tó fún mi láṣẹ. Ohun tó kù tí mo lè ṣe ni kí n máa bèèrè."

Ó wá yé mi. Gbogbo ṣé-o-fẹ́ ọjọ́un, tí mò ń pè é ní ojo. Ojú tì mí, lẹ́yìn náà ni inú wá bí mi, ìbínú náà sì pọ̀ ju ìtìjú lọ. Mo ní, "Bàbá mi gba ohun tó jẹ́ tèmi lọ́wọ́ mi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ̀yin, ojoojúmọ́ lẹ̀ ń gbà á. Ẹ bi mí nípa kòkó, ẹ bi mí nípa ọmọ. Èyí tó yẹ kí ẹ bi mí, ẹ ò bi mí."

Ó ní, "Òótọ́ ni."

Tó bá jiyàn ni, ara ìbá tù mí. A wọ mọ́tò dé Iléṣà. Mo wọ mọ́tò Òṣogbo, mo sì kọjú sí apá ibi tí Barnabas kò sí.

Mo ròyìn gbogbo rẹ̀ fún Ìwàlẹwà nígbà tí mo délé. Ó bi mí bóyá mo fẹ́ràn bàbá òun. Mo ní kí ló fẹ́ kí n fi mọ̀, ta ló fún mi láyè? Ṣùgbọ́n ìbéèrè náà kò fi mí sílẹ̀. Nínú ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó tẹ̀ lé e, mo jókòó sínú ilé tó pa lọ́lọ́, mo gbìyànjú láti rántí ojú Amos, mi ò rántí. Ẹ̀rín rẹ̀ nìkan ló kù. Ikọ́ Barnabas sì rèé, mo mọ èyí tí òtútù fà, mo mọ èyí tí ìrònú fà. Inú bí mi sí ara mi. Ṣé ìfẹ́ nìyẹn? Bí wọ́n bá ti ènìyàn méjì mọ́ inú yàrá kan fún ọgbọ̀n ọdún, wọn ò kúkú ní ṣàì mọ ìró ẹsẹ̀ ara wọn. Barnabas kò pè, kò rán ẹnikẹ́ni wá bẹ̀ mí.

Ìyá Àdúrà kú ní ọ̀sẹ̀ kẹrin. Pásítọ̀ Akínkúnmi, tó ń darí ìjọ Iléṣà báyìí, pè mí lórí fóònù. Ó ní tọkọtaya mọ́kànlá tí Ìyá fi ìran so pọ̀ ló kù láyé, òun yóò pè wọ́n dìde níbi ìsìn ìsìnkú. Ó ní àwa ni àgbà wọn, Bàbá Ìwàlẹwà ni yóò jẹ́rìí. Mo ní mo ti gbọ́. Bí mo bá dìde, mo fọwọ́ sí irọ́ lórí pósí. Bí mi ò bá dìde, mo dójú ti òkú. Kí n tó dé ṣọ́ọ̀ṣì, mo ti pinnu pé màá dìde. Ó ti rẹ̀ mí jù láti jà. Kí n dìde, kí n jókòó, kí n padà sí Òṣogbo, kí ó parí síbẹ̀.

Ní ìjọ wa, apá ọ̀tún ni ọkùnrin ń jókòó, apá òsì ni obìnrin. Nígbà tí Pásítọ̀ pe àwọn tọkọtaya náà, wọ́n ń dìde lọ́kọ̀ọ̀kan, ìjọ ń pàtẹ́wọ́. Àwọn ọmọbìnrin inú ẹgbẹ́ akọrin yí ojú sí wọn, àwọn kan nínú wọn kò tíì ju ọmọ ogún ọdún lọ, ó sì hàn pé wọ́n ń ro ẹni tí Ẹ̀mí máa yàn fún àwọn náà. Mo ti gbé ara kúrò lórí bẹ́ǹṣì nígbà tí mo rí Barnabas lápá ọ̀hún. Kò dìde. Ó jókòó, ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀.

Pásítọ̀ ní, "Bàbá Barnabas, ẹ dìde, ẹ jẹ́rìí fún wa."

"Ẹ má bínú, Pásítọ̀," ni ó wí, ohùn rẹ̀ sì dé ibi gbogbo. "Mi ò ní ẹ̀rí ìran láti jẹ́. Wọn ò bi ìyàwó mi léèrè. Èmi náà ò bi í."

Àtẹ́wọ́ dáwọ́ dúró. Ẹnìkan pòṣé lẹ́yìn mi, ó ní ẹ wo aláìmoore, lórí òkú ìyá tó tọ́ ọ. Òótọ́ ni, òun ló tọ́ ọ, òun nìkan ni Barnabas sì pè ní ìyá láyé yìí. Gbogbo orúkọ rere tó fi àádọ́ta ọdún kó jọ nínú ìjọ yẹn ló fi sílẹ̀ ní ìṣẹ́jú kan, kò sì wo apá ọ̀dọ̀ mi bóyá mo rí i. Àánú rẹ̀ ṣe mí, ìfẹ́ rẹ̀ sì gbà mí lọ́kàn. Mi ò ní orúkọ mìíràn tí mo lè pè é.

Mo bọ́ sí àárín ṣọ́ọ̀ṣì. Obìnrin tó ń tọ́jú ìjókòó na ọwọ́ dí mi lọ́nà, mo gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Orúnkún ń dùn mí, ọ̀nà náà sì gùn ju bó ṣe rí lójú lọ, níwájú pósí, lójú gbogbo ìjọ. Àwọn ọkùnrin sún fún mi torí wọn ò mọ ohun mìíràn tí wọ́n lè ṣe. Mo jókòó ti ọkọ mi. Pásítọ̀ wò wá, ó ní kí á ṣí ìwé orin.

Barnabas rọra sọ̀rọ̀ sí mi létí nígbà tí orin gòkè. "Ṣé wàá bá mi dé ilé ni?"

"Mi ò tíì mọ̀," ni mo dá a lóhùn. "Ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ yín tí mo jókòó sí yìí, èmi ni mo fẹsẹ̀ ara mi rìn wá."