Lẹ́tà Mẹ́rin Tí Kò Ní Àmì

Alámọ̀tán ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́, kò sì bínú sí i rí. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ló ń ṣe. Bí íńtánẹ́ẹ̀tì ọ́fíìsì kan bá dákẹ́, òun ni wọ́n ń ké sí. Á dé, á tẹ nǹkan bíi mélòó kan, á ní, ṣé ẹ rí i? Ẹni tó bá mọṣẹ́, ẹ jẹ́ kó yangàn díẹ̀. Àmọ́ kò yẹ kó gbé ìyangàn wọlé ìyá rẹ̀.

Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ìyá ń gbé. Ojú òsì ìyá ti fọ́ tipẹ́. Ọ̀tún tó kù ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ fún. Dókítà fún wọn ní ìgò oògùn méjì, ó ní bí wọn ò bá kán méjèèjì bó ṣe yẹ, ojú náà lè lọ. Àwọn ìgò ọ̀hún sì jọra bí ìbejì. Lọ́sàn-án, tí Alámọ̀tán àti ìyàwó rẹ̀ bá ti jáde, ìyá nìkan ló ń wà nílé. Àbúrò Alámọ̀tán obìnrin, nọ́ọ̀sì tó ń gbé ọ̀nà jíjìn, ló ní òun á máa mójú tó o. Nígbà tó wá kí wọn, ó la ọ̀nà kan sínú kọ̀ǹpútà yàrá ìyá. Láti ibi tó wà, á wọlé, á rí ìyá nínú kámẹ́rà, á ní, ìyẹn kọ́, Màámi, ìkejì ni.

Ní Sátidé kan, Alámọ̀tán ra fáyàwọ́ọ̀lù tuntun, ìyẹn ẹ̀ṣọ́ tó ń pinnu ẹni tó lè gba orí íńtánẹ́ẹ̀tì wọlé. Ó ń wo orúkọ àwọn ọ̀nà tí ẹ̀ṣọ́ àtijọ́ fàyè gbà, ó rí ọ̀kan: OGUN. Ta ló ń fi àmì sórí ọ̀rọ̀ nínú kọ̀ǹpútà? Ó kà á sí ogun, àní ogun tí wọ́n ń jà, nítorí àbúrò ìyàwó rẹ̀ tó bá wọn gbé lọ́dún tó kọjá kò níṣẹ́ méjì ju kó máa gbá géèmù ogun lórí kọ̀ǹpútà lọ. Ó pòṣé. Ọ̀lẹ ti lọ tán, ó tún ṣílẹ̀kùn sílẹ̀! Ló bá pa á rẹ́. Abéèrè kì í ṣìnà, ṣùgbọ́n ta ni Alámọ̀tán fẹ́ bi?

Ní Mọ́ńdè, àbúrò rẹ̀ pè é pé òun ò rí ọ̀nà wọlé. Alámọ̀tán ní íńtánẹ́ẹ̀tì ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ń ṣe ségesège, kó pa á, kó tún un tàn. Ní Túsìdeè, ó ní kó pààrọ̀ pásíwọ́ọ̀dù.

"Bùọ̀dá, ṣé ẹ ò fọwọ́ kan nǹkan nílé ni?"

"Èmi kẹ̀? Iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun lò ń bi mí yẹn."

Kò mọ̀ pé irọ́ lòun ń pa. Lójú tirẹ̀, àtúnṣe ló ṣe. Àbúrò rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ kó kúkú dúró ti ìyá lọ́sàn-án. Alámọ̀tán ní òun á yẹ ìyá wò bóun bá délé. Bó bá sì délé, ó ti rẹ̀ ẹ́. Bí wọ́n bá bi ìyá, á ní òun ti kán an. Lóòótọ́ ló ń kán an, ìgò kan ṣoṣo ni: èyí tí kì í ta á lójú.

Nígbà tó di Fúráídè, àbúrò rẹ̀ bú sẹ́kún lórí fóònù. Alámọ̀tán jókòó ti kọ̀ǹpútà rẹ̀ ní pálọ̀, kó lè fi hàn pé òun kọ́ lòun jẹ̀bi. Kọ̀ǹpútà ìyá ń ṣiṣẹ́. Kámẹ́rà ń ṣiṣẹ́. Ó wá ṣí ìwé ìrántí ẹ̀ṣọ́ tuntun náà, ó rí ẹnì kan tó ń kanlẹ̀kùn lẹ́ẹ̀mẹ́rin lójúmọ́ láti Mọ́ńdè, tí wọ́n ń lé padà. Ó bi àbúrò rẹ̀ pé kí ló pe ọ̀nà tó là.

"Oògùn," àbúrò rẹ̀ ní. "Oògùn Màámi. Mo kọ ọ́ gàdàgbà síbẹ̀, o kan ṣoṣo ni mo fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kó lè yá, Bùọ̀dá."

Kò lò tó ìṣẹ́jú márùn-ún tó fi ṣí i. Nígbà tó dé yàrá, ìyá ti faṣọ bojú, ojú náà ti wú, ó ń ṣọyún. Ó ní ó ti ń dun òun láti àná, òun ò kàn fẹ́ yọ ọ́ lẹ́nu ni. Dókítà wò ó títí, ó ní ká ní wọ́n tètè gbé e wá ni.

Láti ọjọ́ náà, Alámọ̀tán ò lè jẹun kó dùn. Ó ń bínú sí ara rẹ̀, kò sì rí ẹni bá a dá a lẹ́bi, nítorí àbúrò rẹ̀ ò bú u, ìyàwó rẹ̀ náà ò bú u.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, lọ́jọ́ tí wọ́n tú aṣọ tí dókítà fi di ojú ìyá, ó mú un jókòó síwájú kọ̀ǹpútà, ó tún gèlè rẹ̀ ṣe. Ojú àbúrò rẹ̀ yọ, ó kún ojú kọ̀ǹpútà bámúbámú, omi ń dà lójú rẹ̀, ó fi ọwọ́ kan bo ẹnu, ó ń fi ìkejì juwọ́ sí ìyá. Ìyá kọjú sí i gan-an. Ó wá na ọwọ́ wá ọmọ rẹ̀ ọkùnrin kàn.

"Ọmọ mi," ó ní, "ṣé o ò tíì rí kọ̀ǹpútà náà tún ṣe ni?"