Ibi Tí MaGaba Bá Gbé Orin Sí

Bí o bá fẹ́ dá ìjà sílẹ̀ ní Mdantsane, má wulẹ̀ dárúkọ òṣèlú. Ṣáà béèrè ẹni tó mọ dùùrù tẹ̀ jù. Lọ́jọ́ Jímọ̀ tí wọ́n ń múra ìsìnkú Tata Ngqawana, àwọn obìnrin jókòó yí abọ́ ńlá ká, wọ́n ń bó ọ̀dùnkún, àwọn ọkùnrin ń koná mọ́ ìkòkò ẹran, ni ẹnìkan bá ju ìbéèrè náà sáàárín wọn. Ó parí!

"Ẹni tó ń tẹ̀ fún wọn ní Zwelitsha ni tèmi o," ni MaDlomo wí, ọ̀bẹ ń jù fìrìfìrì lọ́wọ́ rẹ̀. "Ọwọ́ òsì ọkùnrin yẹn! Tó bá fi tẹ ohùn ìsàlẹ̀ báyìí, inú ikùn ni mo ti ń gbọ́ ọ."

"Ọwọ́ òsì kẹ̀?" Sisi Phumeza já a gbà. "Lwandile tiwa ńkọ́? Ọmọ yẹn kì í tẹ dùùrù, ó ń sáré lórí ẹ̀ ni! Tó bá ti bẹ̀rẹ̀, mi ò kì í mọ ìgbà tí mo dìde."

"O ò lè mọ̀. Ojú ẹ̀ lò ń wò, o ò wo ìka ẹ̀."

Ẹ̀rín bú yẹ́ẹ̀. Ìyá kan tó ti ń gbọ́ wọn láti ìdí kábéèjì ní tòun ni ọkùnrin kan tó ti kú, tó máa ń tẹ̀ ní Ginsberg, torí pé ó mọ ibi tó yẹ kí èèyàn ti dákẹ́. Wọ́n ní ó ń parọ́, ọkùnrin náà kàn máa ń gbàgbé orin ni. Ó ní kí wọ́n fi òkú sílẹ̀ o jàre.

Tata Vuyani Mgijima wà nídìí iná, ó ń ti igi tí kò nílò ẹni tó máa tì í. Òun ló ń tẹ dùùrù ṣọ́ọ̀ṣì wọn láti ayé ìgbà tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ fẹ́ dùùrù kó tó dún. Etí rẹ̀ nà gbọọrọ. Wọ́n dárúkọ ará Zwelitsha, wọ́n dárúkọ òkú, wọ́n tún dárúkọ ọ̀kan tó jẹ́ pé inú rédíò nìkan ni wọ́n ti ń gbọ́ ọ. Ti Vuyani ò tilẹ̀ ṣèèṣì jáde lẹ́nu wọn, àfi ìgbà tí wọ́n ní kó bá àwọn gbé omi wá.

Ká ní ọjọ́ mìíràn ni, ì bá rẹ́rìn-ín. Àmọ́ ṣọ́ọ̀ṣì ti ra dùùrù tuntun, àwọn alàgbà yóò sì sọ lọ́jọ́ Sunday ẹni tí yóò jókòó nídìí rẹ̀: òun ni o, Lwandile ni o. Bí wọ́n bá gba ìjókòó yẹn lọ́wọ́ Vuyani, kí ni yóò máa wá ṣe ní ṣọ́ọ̀ṣì? Láti máa gbọ́ ìwàásù? Ẹ gbà mí!

Àwọn alàgbà ò sì ní dá a ṣe láìbi MaGaba, olórí ẹgbẹ́ àwọn ìyá aláṣọ pupa. Ní ṣọ́ọ̀ṣì yẹn, kò sẹ́ni tó ń pe orin fún olódùùrù. Ẹni tí orin bá wá sí lẹ́nu ló ń gbé e, níbi tí ọ̀fun rẹ̀ bá wà. MaGaba ló sì ń gbé èyí tó pọ̀ jù. Ibi tí ìyá yìí máa ń gbé orin sí, kò sí lórí dùùrù kankan láyé yìí. Ó wà láàárín funfun àti dúdú, kì í sì í dúró síbẹ̀. Vuyani a rọra fi ìka kan wá a, jẹ́jẹ́, títí yóò fi rí i, á wá yọ́ wọlé sábẹ́ ohùn rẹ̀. Bí ìyá bá yọ̀ sísàlẹ̀, á ti débẹ̀ dè é. Vuyani ò ka èyí sí mímọ̀-ọ́n-tẹ̀ rí. Wàhálà ló kà á sí.

"Mama, ẹ̀yin ńkọ́?" Phumeza béèrè. "Ta ni tiyín?"

MaGaba kò gbójú sókè. "Èmi ò mọ olódùùrù kankan o. Orin ni mo mọ̀."

Vuyani ju igi ọwọ́ rẹ̀ sínú iná. Wọn ò mọ òun, àbí? Wọn yóò mọ òun lọ́la.

Lọ́jọ́ kejì, tẹ́ǹtì kún dẹ́nu. Ó kan àna olóògbé láti sọ̀rọ̀. Ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ látorí ọkọ̀ kan tí òun àti Tata Ngqawana jọ rà, ó dórí ajá tó bímọ sínú ọkọ̀ náà, ó wá ń dárúkọ àwọn ọmọ ajá. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí wọ́n ń ṣe fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ níbẹ̀: orin ni wọ́n fi ń mú un jókòó. MaGaba dìde, ó gbé orin. Gbogbo tẹ́ǹtì dìde tẹ̀ lé e.

Vuyani, tó wà nídìí dùùrù, kò wá ibi tó gbé e sí. Ó dúró ti ibi tó wù ú lórí dùùrù, ó fi ọwọ́ òsì lu ohùn ìsàlẹ̀ gbì-gbì bí ti ará Zwelitsha, ó fi ọ̀tún sáré bí ti Lwandile. Áà, ó dùn mọ́ ọn! Àwọn ọ̀dọ́ bá dùùrù lọ, àwọn ìyá bá MaGaba lọ. Orin là sí méjì. MaGaba wá a sókè, ó wá a sódò, ohùn rẹ̀ gbọ̀n, ó há. Ó fọwọ́ kan ọ̀fun rẹ̀, ó sì jókòó. Orin dá níbẹ̀.

"Ẹ ṣeun o, ẹ ṣeun," ni àna olóògbé wí, ó nu ojú. "Ọmọ ajá kẹta wàyí..."

Vuyani fẹ́ kí ilẹ̀ lanu gbé òun mì. Nígbà tí wọ́n ti itẹ́ òkú dé, tí oníkálukú ń fọwọ́ nínú omi tí wọ́n gbé sẹ́nu géètì, ó fẹ́ yọ́ lọ. Kò tíì fa ẹsẹ̀ kejì tí MaGaba fi pè é.

"Radebe." Orúkọ ìran rẹ̀ nìyẹn, tí wọ́n fi ń pọ́n ọn lé. "Ta ló jókòó sídìí dùùrù lónìí?"

"Èmi ni, Mama."

"Má purọ́ fún mi."

"Èmi ni, Mama. Ẹ má bínú."

Ìyá náà nawọ́ sómi. Ó fọ ọ́ pẹ́.

"Láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọge ni wọ́n ti ń sọ pé mo lóhùn. Mo gbà wọ́n gbọ́. Gbogbo Sunday ni mo máa ń gbọ́ ọ, tó dúró gbọn-in. Òní ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ohùn ara mi." Ó wojú rẹ̀. "Ó ti lọ, Radebe. Ó ti lọ tipẹ́. Ẹnìkan ló ti ń bá mi fi aṣọ bò ó láti ọjọ́ yìí, n ò sì mọ̀."

Omi ti gba ojú Vuyani, ó sì ń tì í lójú.

"Àwọn alàgbà bi mí láàárọ̀ kí n tó dé tẹ́ǹtì," MaGaba ní. "Mo ní ẹni tí ń sáré ni kí wọ́n mú, pé kò sí ìyàtọ̀. Mo ń padà lọ bá wọn báyìí. Lwandile lè jókòó tì ẹ́, kó máa wo bí wọ́n ṣe ń wá ohùn èèyàn." Ó gbọn omi ọwọ́ rẹ̀ nù. "Ṣé ẹni tó ń fi aṣọ bò ó yẹn máa wá lọ́la, àbí kí n má gbé orin mọ́?"

"Ẹ gbé e, Mama," ni Vuyani wí. "Ibi tó bá wù yín ni kẹ́ ẹ gbé e sí."