Ẹni Tó Ń Gbé Ọ̀gá Sóòrùn

Agbéraga ni Zulaihat, ẹ jẹ́ n ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ọdún mẹ́ta ni a ti jọ ń gbé ìsàlẹ̀ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì Alàgbà Adékọ́lá ní Ọ̀wọ̀, yàrá tirẹ̀ kọjú sí tèmi. Aránṣọ ni, ará Àkókó, ìyá Ràhmát. Bí ènìyàn bá ní kó dín ariwo ẹ̀rọ rẹ̀ kù, yóò wo onítọ̀hún láti òkè dé ilẹ̀ bí ẹni fẹ́ wọn aṣọ fún un. Síbẹ̀, ọ̀rẹ́ ni wá nígbà kan. Mo tilẹ̀ fún un ní ọ̀kan nínú kọ́kọ́rọ́ yàrá mi, kó lè máa bá mi ti fèrèsé bí òjò bá ṣú, nítorí èmi a ti wà ní ọ́fíìsì, níbi tí mo ti ń tọ́jú fáìlì fún ìjọba láti ọdún mọ́kàndínlógún.

Ọ̀rọ̀ Ọ̀gá ló dá ìjà sílẹ̀. Ahun ni Ọ̀gá. Ọmọ mi, Ọmọ́ṣaléwá, ló gbé e wá láti oko ìyá mi ní Imeri, lọ́dún kan tí wọ́n ń sun igbó. Nígbà tí ọmọ náà wọ ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ní Ìlọrin, ó fà á lé mi lọ́wọ́. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó kú. Ẹ máa wọn ìkarahun rẹ̀ lóṣooṣù. Bó bá ń dàgbà, tó sì le, ara rẹ̀ dá nìyẹn." Ọmọ kan ṣoṣo ni Ọlọ́run fún mi. Ohun tó bá fi síkàáwọ́ mi kò gbọdọ̀ bàjẹ́.

Mo wá mú un bí iṣẹ́ ìjọba. Ní Sátidé àkọ́kọ́ oṣù, mà á fi téèpù wọn ìkarahun náà láti ọrùn dé ìdí, mà á fi àtàǹpàkò tẹ etí rẹ̀ yíká láti mọ̀ bóyá ó le, mà á sì kọ ọ́ sínú ìwé. Lẹ́yìn náà ni n ó fi àdí pa á kó lè máa dán. Inú bàsíà ńlá kan lábẹ́ ibùsùn mi ló ń gbé. Mi ò jẹ́ kó fojú kan oòrùn. Ṣebí igbá tó bá pẹ́ lóòrùn máa ń là ni, àwọn ayálégbé ẹlẹ́gbẹ́ mi náà kò sì kọ ẹran ahun nínú ọbẹ̀.

Ní oṣù kẹfà, ibà mú mi ní ọ́fíìsì, mo gun ọ̀kadà padà sílé ní aago mọ́kànlá àárọ̀. Bàsíà ṣófo. Mo sáré dé àgbàlá, kí ni mo rí? Zulaihat jókòó lórí àpótí, ó ń fọwọ́ rán etí aṣọ, Ọ̀gá na ọrùn sínú oòrùn lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ń jẹ ewé gbúre.

Mo fi igbe ta. "Olè! Ẹ gbà mí o, ó ti jí ahun mi gbé, ó fẹ́ fi sebẹ̀!"

Gbogbo ilé jáde. Zulaihat dìde. "Mọ́mì Ọmọ́ṣaléwá, ẹ fara balẹ̀. Láti oṣù kejì ni mo ti ń gbé e sóòrùn. Bàbá mi sin ahun ní Ọ̀kà. Èyí tí kò bá yá oòrùn kì í pẹ́ láyé."

"Ta ló bẹ̀ ọ́ níṣẹ́?" Mo já kọ́kọ́rọ́ mi gbà. Èdè Ọ̀wọ̀ tí mi ò kì í bá àlejò sọ ni mo fi bú u, mo bú ìyá rẹ̀ mọ́ ọn, mo pè é lólè títí ohùn mi fi há.

Ó dá mi lóhùn lẹ́ẹ̀kan péré. "Ó dáa. Mi ò ní fọwọ́ kàn án mọ́." Láti ọjọ́ náà ni "ẹ" tó fi ń bá mi sọ̀rọ̀ ti di "o," bẹ́ẹ̀ mo fi ọdún mẹ́tàlá jù ú lọ.

Oṣù keje, ìwọ̀n Ọ̀gá kò kúrò lójú kan. Oṣù kẹjọ, àtàǹpàkò mi wọ etí ìkarahun, ó rọ̀ bí pọ̀nmọ́ tó jinná. Ẹ̀rù bà mí. Mo fi kún àdí. Ọ̀gá kò jẹun mọ́, kò lè gbé ikùn kúrò nílẹ̀. Ó dá mi lójú pé Zulaihat ti fún un ní nǹkan jẹ, mo sì sọ ọ́ sókè lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ kó lè gbọ́. Bí Ọmọ́ṣaléwá bá pè lórí fóònù, mà á ní, "Ó ń dàgbà, ó le bí òkúta." Irọ́ ni.

Nígbà tí oṣù kẹsàn-án wọlé, mo gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran kan, Akínbọ̀wálé, lẹ́bàá títì Àkúrẹ́. Ó tẹ ìkarahun, ó gbóòórùn ìka rẹ̀.

"Àdí rèé?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Kí lẹ fi ń bọ́ ọ?"

"Ẹ̀bà. Búrẹ́dì nígbà mìíràn."

Ó mí kanlẹ̀. Mo na ìwé mi sí i, kó lè mọ̀ pé kì í ṣe aláìmọ̀kan ló jókòó níwájú òun. Ó kà á, ó gbójú sókè. "Mà, láti oṣù kejì dé ìkarùn-ún, ìkarahun yìí ń dàgbà, ó sì ń le sí i. Kí lẹ ń ṣe fún un nígbà náà tí ẹ kò ṣe mọ́?"

Ìwé tí mo fi ọwọ́ ara mi kọ ló gbè sẹ́yìn Zulaihat.

"Oòrùn ló ń mú ìkarahun le," ni dókítà wí. "Wákàtí méjì láràárọ̀, pẹ̀lú ewé tútù àti èèpo ẹyin lílọ̀. Ẹ má pa àdí sí i mọ́. Ẹ má sì fi í sílẹ̀ lóòrùn láìsí olùṣọ́, ooru lè pa á. Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá tún kọjá báyìí, yóò kú."

Aago méje àárọ̀ ni mo ń jáde, ìrọ̀lẹ́ ni mo ń dé. Nínú gbogbo àwọn tó ń kù sílé, aránṣọ kan ṣoṣo ni kì í fi ojú ẹran ọbẹ̀ wo ahun. Wọ́n bi ahun pé ìgbà wo ni yóò ti àjò dé, ó ní ó di ìgbà tí òun bá tẹ́. Èmi náà ti dé.

Lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, mo kan ilẹ̀kùn Zulaihat, Ọ̀gá wà láyà mi. Kò ní kí n wọlé.

"Ìyá Ràhmát," ni mo wí, "ó ń kú lọ. Jọ̀ọ́, bá mi máa gbé e sóòrùn."

Ó tẹ etí ìkarahun náà, ó fa ìka rẹ̀ padà kíá. Àánú ṣe é, mo rí i. Lẹ́yìn náà ló wò mí, àánú sì tán lójú rẹ̀.

"O fẹ́ fi ahun síkàáwọ́ olè?"

"Mo ṣe àṣìṣe."

"Etí èmi nìkan kọ́ lo ti pè mí lólè. Àwọn oníbàárà mi ti kó aṣọ wọn lọ. 'Ọmọ olè' ni wọ́n ń pe Ràhmát nídìí kànga. Bọ́ sí àgbàlá, kí o sọ òtítọ́ bí o ṣe sọ irọ́ lọ́jọ́ náà. Ohùn yẹn gan-an ni mo fẹ́."

Mo kórìíra rẹ̀ lákòókò yẹn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, kí n má parọ́. Mo ti fẹ́ yí padà. Ọ̀gá gbìyànjú láti fa orí wọlé, kò lágbára, orí náà sì rọ̀ sórí apá mi.

Mo bọ́ sí àárín àgbàlá. Alàgbà Adékọ́lá ń gbọ́ rédíò lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀.

"Zulaihat kì í ṣe olè!" ni mo ké. "Èmi Ọmọ́lẹ́yẹ ni mo parọ́ mọ́ ọn! Òun ló ń tọ́jú ahun mi, èmi ni mo ń pa á!"

Alàgbà pa rédíò. Ràhmát yọ jáde, ó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀. Zulaihat gba Ọ̀gá lọ́wọ́ mi, ó gbé e mọ́ra, kò wo ojú mi.

"Àwọn ará òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kò gbọ́," ni ó wí.

Mo bá gun àtẹ̀gùn lọ.